Àyè Òfìfo Tó Wà Níwájú Orúkọ Deacon Jones

Lọ́dọọdún, bí sáà bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, líìgì NFL a máa fún olùgbèjà tí ó bá ní sáàkì jù lọ ní ẹ̀bùn ìdánilọ́lá kan. Deacon Jones ni wọ́n fi sọ orúkọ ẹ̀bùn náà. Ọdún 2013, ọdún tí ọkùnrin náà papò dà, ni wọ́n dá a sílẹ̀, Robert Mathis ti ẹgbẹ́ Indianapolis ni ó sì kọ́kọ́ gbà á. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó gba ẹ̀bùn yìí bá dé ilé rẹ̀, kí ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ líìgì náà, kí ó sì wá iye sáàkì tí Deacon Jones fúnra rẹ̀ ní. Kò ní í rí nǹkan kan. Àyè ibẹ̀ ṣófo.

Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ dá ẹ̀bùn sáàkì sílẹ̀, lójú ìwé líìgì, kò ní sáàkì kan ṣoṣo ní gbogbo ọdún 14 tí ó fi ṣeré. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi àlàyé tí àwọn tí ń gbe líìgì lẹ́yìn máa ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí èyí tó wọ̀ mí létí nínú wọn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi gbé kálàmù lónìí.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ló mọ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá bí ẹní mọ owó, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà yìí lè ṣàjèjì sí yín díẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń jù ú. Ẹni tí wọ́n ń pè ní kọ́tábáàkì ni olórí àwọn tí ń kọlu. Òun ni ó ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ìlà, tí ó ń wo ọ̀tún, tí ó ń wo òsì, tí ó ń wá ẹni tí yóò jù ú sí. Àwọn ọkùnrin márùn-ún tí wọ́n síngbọnlẹ̀ ń dúró níwájú rẹ̀ bí ògiri, kí ọ̀tá má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ olùgbèjà tó wà lápá kejì ni kí ó la ògiri náà já, kí ó sì gbé kọ́tábáàkì ṣánlẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá rí i ṣe, ẹgbẹ́ tí ń kọlu á pàdánù ilẹ̀ tí wọ́n ti gbà. Ìyẹn ni sáàkì. Bí olùgbèjà méjì bá jọ gbé e ṣánlẹ̀, wọ́n á pín in ní ìdajì ìdajì, ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi máa rí àbọ̀ nínú iye tí n óò dárúkọ. Ọdún 1982 ni líìgì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún olùgbèjà kọ̀ọ̀kan. Jones ti fẹ̀yìn tì láti ìparí sáà 1974.

A bí David Jones ní ọjọ́ 9, oṣù Kejìlá, ọdún 1938, ní ìlú Eatonville, ní ìpínlẹ̀ Florida. Ìlú yìí ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1887 tí wọ́n sì ń ṣàkóso rẹ̀ fúnra wọn, nígbà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ náà ni Zora Neale Hurston, gbajúgbajà òǹkọ̀wé nì, dàgbà sí. Inú ilé tí èèyàn mẹ́wàá há mọ́ ni Jones ti dìde. Ìtàn kan wà tí ó sọ nípa ìgbà èwe rẹ̀. Ó ní ọmọ ọdún 14 ni òun nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun kan tí wọ́n wà nínú mọ́tò ju bàrà olómi lu ìyá arúgbó kan nínú ìjọ àwọn, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ìyá náà kú ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Kò sí ọlọ́pàá tó wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí a ti ń bọ̀: láti kékeré ni ọkùnrin yìí ti mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì South Carolina State, ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù lọ́wọ́ nínú ìfẹ̀hónúhàn láti béèrè ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fún un, wọ́n gbà á padà. Ó forí lé Mississippi Vocational. Níbẹ̀, bí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá rìnrìn àjò lọ ṣeré, òtẹ́ẹ̀lì kì í gbà wọ́n. Inú gbọ̀ngàn eré ìdárayá àwọn tí wọ́n wá bá figagbága ni wọ́n ń sùn, lórí bẹ́ẹ̀dì pẹlẹbẹ tí wọ́n tò sílẹ̀. Àwọn tí ń wá ọmọ eré fún Los Angeles Rams kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà láyé. Ẹlòmíràn ni wọ́n ń wo fíìmù nítorí rẹ̀ kí ojú wọn tó bọ́ sára òmìrán kan, olùgbèjà iwájú, tí ń sáré lé àwọn ẹlẹ́sẹ̀ eré bá. Ìpele kẹrìnlá ni wọ́n tó mú un lọ́dún 1961, lẹ́yìn tí wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò rántí orúkọ wọn mọ́ lónìí.

Nígbà tí ó dé Los Angeles, ó rí i pé àwọn David Jones tó wà nínú ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù pọ̀ bí yanrìn etí òkun. Ta ni yóò wá rántí tòun nínú wọn? Ó bá pe ara rẹ̀ ní Deacon, ìyẹn díákónì. Mo fẹ́ràn ibí yìí nínú ìtàn rẹ̀ gan-an. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, àwọn àgbà ni wọ́n sì ń sọ ọ́. Ọmọkùnrin yìí kò rí ilé tí yóò wò. Ó wo ìwé tẹlifóònù, ó rí i pé ayé ti múra tán láti gbàgbé òun, ó sì ti ilẹ̀kùn ìgbàgbé náà pa fúnra rẹ̀.

Orúkọ kejì tí ó sọ ni ó wá tàn káyé ju tirẹ̀ lọ. Kí ó tó dé, gbólóhùn gígùn kan ni àwọn oníròyìn máa ń lò bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé wọ́n ti gbé kọ́tábáàkì ṣánlẹ̀ lẹ́yìn ìlà. Jones ní ó gùn jù, kò sì dùn lẹ́nu. Ó ní kí wọ́n máa pè é ní sáàkì, bí ìgbà tí ogun bá kó ìlú, tí ilé kò dúró, tí ọ̀nà kò dúró. Àwọn kan ní kóòṣì rẹ̀, George Allen, ló kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n Jones ni ó gbé e rìn títí tí ó fi di ọ̀rọ̀ tí ọmọdé àti àgbà ń sọ ní Amẹ́ríkà, òun náà ni ó sì fi ara ṣe ìtumọ̀ rẹ̀.

Kò dá a ṣe. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n wà ní ìlà iwájú Rams láyé ìgbà náà: òun, Merlin Olsen, Rosey Grier àti Lamar Lundy. Àwọn Mẹ́rin Abanilẹ́rù ni wọ́n ń pè wọ́n. Ṣáájú wọn, àwọn olùgbèjà tó tóbi kì í sábà jìnnà sí ibi tí wọ́n bá dúró sí. Ará ni wọ́n fi ń dí ọ̀nà. Jones sọ iṣẹ́ náà di eré sísá. Ó ń ṣọ́ kọ́tábáàkì láti ẹ̀gbẹ́ kan pápá dé ẹ̀gbẹ́ kejì, bí ẹni náà bá sì sá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, Jones á tún bá a níbẹ̀. Ìdíje 191 ni ó ṣe nínú 196 tí ó yẹ kí ó ṣe ní gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ lórí pápá. Márùn-ún péré ni ó pa jẹ ní ọdún 14, nínú iṣẹ́ tí egungun kì í ti í gbó kí ó tó kán. Lọ́dún 1967 àti 1968, wọ́n kéde rẹ̀ ní olùgbèjà tó dára jù lọ nínú líìgì. Kò gba ife ẹ̀yẹ líìgì rí, nítorí Rams máa ń kọsẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ti dójú ọ̀gbagadè. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ kọ́ nìyẹn.

N kò ní í fi ohun kan pamọ́ fún yín. Ohun ìjà rẹ̀ tí ó burú jù ni ìgbátí. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò nílẹ̀ báyìí, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá akoto ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, kí ojú ẹni náà sì tó wálẹ̀, Jones ti kọjá. Ìwà ipá pọ́nńbélé ni. Lónìí tí a ti mọ ohun tí irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ọpọlọ ènìyàn, inú mi dùn pé líìgì fòfin dè é lọ́dún 1977. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jones ń gbá a, òfin fàyè gbà á, àwọn mìíràn náà sì ń gbá a. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ojú líìgì ríran kedere tó láti rí ọwọ́ tí ń gbá ìgbátí. Ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n ka ohun tí ọwọ́ yẹn kan náà kó wálé ni ojú wá di bàìbàì.

Àwọn kan ti bá wọn kà á. Olùwádìí méjì, John Turney àti Nick Webster, fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn tú ìwé àkọsílẹ̀ ìdíje àtijọ́, wọ́n wo fíìmù lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọ ẹni tó gbé kọ́tábáàkì ṣánlẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1960 wá. Lọ́dún 2021 ni ojúewé Pro-Football-Reference gbé iṣẹ́ wọn jáde kí gbogbo ayé lè rí i. Sáàkì 173 àti àbọ̀ ni ti Deacon Jones. Bruce Smith tó ní 200 àti Reggie White tó ní 198 nìkan ni wọ́n wà níwájú rẹ̀. Nínú ìwé líìgì, Kevin Greene tó ní 160 ni wọ́n kọ sí ipò kẹta yẹn. Èmi kò bá Greene jà, akọni ni òun náà.

Ẹ wá wo ohun tí iṣẹ́ àwọn olùwádìí náà fi hàn nípa ìwà wọn. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ti ń pariwo pé Jones ní sáàkì 26 lọ́dún 1967. Àwọn méjèèjì wo fíìmù, wọ́n tún un wò, wọ́n ní 21 àti àbọ̀ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi irọ́ gbé ènìyàn ga kò ní í dín iye rẹ̀ kù. Lọ́dún 1964 àti ọdún 1968, 22 ni wọ́n kà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ìdíje 14 péré ni ẹgbẹ́ kan ń ṣe ní sáà kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ohun tó wà nínú ìwé tí líìgì fọwọ́ sí. Mark Gastineau ní 22 lọ́dún 1984, nínú ìdíje 16. Iye yìí dúró gẹ́gẹ́ bí èyí tó ga jù títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn sáà 2001, nígbà tí Michael Strahan fẹ́ kọjá rẹ̀. Brett Favre ni kọ́tábáàkì tó wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Favre gbé bọ́ọ̀lù dání, ó sáré síhà ibi tí Strahan wà, ó sì rọra sùn sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tì í. Strahan fọwọ́ kàn án. Sáàkì 22 àti àbọ̀! Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n wo ìdíje náà ló sọ pé ẹ̀bùn ni Favre fún un, èmi náà sì ti wo fíìmù yẹn ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ, n kò rí ohun mìíràn tí a lè pè é. Ìwé kan náà tí ó rí àyè fún èyí ni wọ́n ní kò rí àyè fún ẹni tí ó la ọkùnrin márùn-ún já lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀.

Kí ni wọ́n ń sọ láti gbe ara wọn lẹ́yìn? Èkíní, wọ́n ní a kò lè dá òfin sílẹ̀ lónìí kí á fi mú iṣẹ́ àná. Wọ́n ní sáàkì kò tíì di ohun tí à ń kà nígbà náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láti àwọn ọdún 1960 wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń kọ yáàdì tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pàdánù nígbà tí wọ́n gbé kọ́tábáàkì wọn ṣánlẹ̀. Àdánù wà nínú ìwé. Ẹni tó fa àdánù náà ni kò sí níbẹ̀. Bí ẹni tí ó ka igi tó wó nínú oko ni, tí ó wá ń jiyàn pé òun kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni mú àáké dání.

Èkejì, wọ́n ní ayé àtijọ́ yàtọ̀ sí tòní, a kò lè fi wọ́n wéra. Dick Lane, ẹni tí wọ́n ń pè ní Night Train, gba bọ́ọ̀lù mọ́ àwọn kọ́tábáàkì lọ́wọ́ nígbà 14 lọ́dún 1952, nínú sáà tí ó ní ìdíje 12 péré. Olùgbèjà ni òun náà. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìwé líìgì títí di òní, wọ́n sì ń fi yangàn. Kò sí ẹni tó wí pé ayé ọdún 1952 yàtọ̀. Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ ìyàtọ̀, ta ni ìyàtọ̀ náà ń ṣe lóore? Láyé Jones, àwọn ẹgbẹ́ kì í ju bọ́ọ̀lù tó bí wọ́n ti ń jù ú lónìí, èyí ni pé àǹfààní láti rí kọ́tábáàkì mú kéré. Ìdíje tí wọ́n ń ṣe ní sáà kan kéré. Lóòótọ́, láti ọdún 1978 ni òfin ti gba àwọn tí ń ṣọ́ kọ́tábáàkì láyè láti na ọwọ́ wọn dáadáa, mo gbà pé ìyẹn mú iṣẹ́ olùgbèjà le sí i, ìgbátí náà sì ti kúrò nílẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ṣùgbọ́n kò sí sáà méjì nínú eré kankan tí wọ́n dọ́gba rẹ́gí, síbẹ̀ wọ́n ń ka gbogbo nǹkan yòókù.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù: wọ́n ní àkọsílẹ̀ kò pé, fíìmù kan ti sọ nù, iye náà kò lè dá wa lójú tán. Níbi tí mo ti bá wọn dé rèé tí mo fi rántí àwọn onígbá béèsìbọ́ọ̀lù. Láyé ìyapa, wọn kì í jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú ṣeré nínú líìgì ńlá, àwọn aláwọ̀ dúdú bá dá líìgì tiwọn sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ wọn fọ́nká sínú ìwé ìròyìn kéékèèké. Òmíràn sọ nù pátápátá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, béèsìbọ́ọ̀lù kéde pé líìgì ńlá ni àwọn líìgì wọ̀nyẹn jẹ́, láti ọdún 1920 dé 1948. Ní ọdún 2024, wọ́n da iye tí wọ́n lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pọ̀ mọ́ ti gbogbogbòò. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Josh Gibson, tó ti kú láti ọdún 1947, fi .372 rẹ̀ bọ́ síwájú Ty Cobb tí òun ní .367. Orí ilẹ̀ ayé kò yí. Kò sí ẹni tí ọ̀run ya lù. Bí béèsìbọ́ọ̀lù bá lè kó èérún àkọsílẹ̀ jọ láti inú ìwé ìròyìn tó ti gbó, kí ló dé tí NFL, tí ó ní fíìmù, tí ó ní ìwé ìdíje, tí owó sì kún àpò rẹ̀, kò fi lè ṣe é?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé nítorí àwọ̀ ara ni wọ́n ṣe fi àyè Jones sílẹ̀ ní òfìfo. Aláwọ̀ funfun ni Jack Youngblood, ẹni tó gba ipò Jones ní Rams. Sáàkì 151 àti àbọ̀ ni àwọn olùwádìí kà fún un. 24 ni líìgì fún un, nítorí pé ọdún mẹ́ta ìkẹyìn rẹ̀ nìkan ló bọ́ sí ẹ̀yìn ìlà ọdún 1982. Ìlà náà kò mọ dúdú mọ̀ funfun. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí òtẹ́ẹ̀lì ti kọ̀, tí wọ́n mú ní ìpele kẹrìnlá, ọgbẹ́ òfìfo yẹn yóò ta á ju bí yóò ti ta ẹlòmíràn lọ. Mo rò pé ìdí rèé tí ó fi ń pariwo ara rẹ̀ kiri títí di ọjọ́ ogbó. Àwọn kan ń pè é ní onígbèéraga. Ẹni tí wọn kò kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ṣé kò ní í máa fi ẹnu ara rẹ̀ kà á ni?

Ẹnì kan lè wá bi mí pé, kí ni Jones pàdánù nínú rẹ̀? Lọ́dún 1980, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó tó ọdún tí wọ́n lè dìbò fún un, wọ́n gbà á sí Gbọ̀ngàn Àwọn Olókìkí ní ìlú Canton. Rams yọ nọ́ńbà 75 rẹ̀ kúrò nílò lọ́dún 2009 láti bọlá fún un. Òótọ́ ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ló ju èje lọ. Jones tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí àìkà kò lè bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn tí kò tóbi tó o ńkọ́?

Ẹ gbọ́ nípa Jim Marshall. Láti ọdún 1961 dé 1979 ni ó fi wà lẹ́nu eré pẹ̀lú Minnesota Vikings, lẹ́yìn ọdún kan tí ó kọ́kọ́ lò ní Cleveland. Ìdíje 282 ni ó ṣe tẹ̀lé ara wọn láìpa ọ̀kan jẹ. Àwọn olùwádìí kà á pé sáàkì rẹ̀ ju 125 lọ. Ó kú lọ́dún 2025, ẹni ọdún 87, kò sì wọ Canton. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹwàá, ọdún 1964, ó gbé bọ́ọ̀lù tó bọ́ sílẹ̀, ó ṣìnà, ó sì sá eré yáàdì 66 lọ sí ẹ̀yìn ilé ara rẹ̀, àwọn San Francisco sì gba àmì méjì ọ̀fẹ́. Ìyẹn wà nínú ìwé. Fíìmù rẹ̀ kò sọ nù. Kò sí ọdún kan tí wọn kì í fi í hàn kí wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Àṣìṣe ìṣẹ́jú kan péye nínú àkọsílẹ̀; ogún ọdún iṣẹ́ ni kò péye. Àwọn tí ń dìbò ní Canton máa ń wo iye, àwọn náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi, nítorí ènìyàn kì í sábà wo ohun tí wọn kò kọ. Coy Bacon náà wà níbẹ̀, ó kú lọ́dún 2008 láìwọlé. Fún irú àwọn wọ̀nyí, àyè òfìfo yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpọ́nlé lásán.

Àwa náà ní ọmọ nínú eré yìí. Lọ́dún 2003, Adéwálé Ògúnlẹ́yẹ, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ, tí wọ́n sì bí i sí Brooklyn, kó sáàkì 15 fún Miami. Kò sí ẹni tó jù ú lọ lọ́dún náà ní apá líìgì tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá fẹ́ fi yangàn lè ṣí ìwé líìgì kí ó sì fi ìka tọ́ ọ fún ọmọ rẹ̀. Ká ní ọdún 1973 ni, dípò 2003, ìtàn ẹnu nìkan ni ì bá kù fún wa, àwọn kan ì bá sì máa bi wá pé níbo ni a ti rí i. Nílé wa, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ mọ iye tí òun bí, ọ̀kan kì í sì í sọ nù kí ó máà wá a.

Ohun kan wà tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín bí mo bá ti bínú tán. Nínú ìdíje tí ó kẹ́yìn sáà 1974, nígbà tí Jones ti wà ní Washington lọ́dọ̀ George Allen, wọ́n ń na Chicago ní ìnà ẹ̀gọ̀, 42 sí òdo. Wọ́n bá ní kí àgbà olùgbèjà náà fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù àfikún kan, bí ẹni ń fi eré dágbére. Ó gbá a, ó wọlé. Àmì kan. Ẹ lọ wo ìwé líìgì: àmì kan yẹn wà níbẹ̀ níwájú orúkọ rẹ̀, ó dúró digbí. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tí ó fi ẹsẹ̀ gbá láti fi ṣàwàdà ni wọ́n kà. Èyí tí ó fi ọwọ́, èjìká àti eegun ẹ̀yìn ṣe fún ọdún 14, wọn kò kà á.

Ohun tí mo ń béèrè kò ṣòro. Kí NFL gba iṣẹ́ àwọn olùwádìí wọ̀nyí wọlé, kí wọ́n fi àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì kọ gbogbo sáàkì tí fíìmù tàbí ìwé ìdíje bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láti ọdún 1960 sínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí. Èyí tí kò bá dájú, kí wọ́n fi àmì sí i pé kò dájú. Bí iye Jones bá wálẹ̀ láti 173 àti àbọ̀ nígbà tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tán, kí ó wálẹ̀. Èmi kò ní í jà. Ọdún 1982 tí wọ́n sọ di ìbẹ̀rẹ̀ ayé yìí pàápàá, ìyanṣẹ́lódì dí i lọ́wọ́, ìdíje mẹ́sàn-án péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe, síbẹ̀ wọn kò torí ìyẹn pè é ní aláìpé.

Bí wọ́n bá sì kọ̀, tí wọ́n ní àwọn kò lè kà á, kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò lára ẹ̀bùn náà kí wọ́n tó gbé e fún ẹlòmíràn ní ìparí sáà tó ń bọ̀.